Ọ̀yàyà àti Ẹ̀fẹ̀ nínú Ìtọ́jú Ikọ́ Ẹ̀gbẹ: Ìtọ́sọ́nà fún Olùtọ́jú Aláìsàn àti Òṣìṣẹ́ Ìlera

Ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ́ àìsàn tí ó ṣeé wò sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ kò dùn, kò sì yá. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ní in fi ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Oògùn náà lè mú kí inú máa rìn wọ́n, ó lè mú kí oríkèé máa ro wọ́n, yóò sì sọ ìtọ̀ wọn di pupa. Ojú-ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, àti fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ ń fún un ní oògùn. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni bí ọ̀yàyà àti ẹ̀fẹ̀ tí ó bá ìgbà mu ṣe lè ran aláìsàn lọ́wọ́ láti parí ìtọ́jú rẹ̀, àti ibi tí ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí ó má baà di ewu.

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Òwe yìí kò sọ pé ẹ̀rín ti sọ ọ̀rọ̀ burúkú di rere. Ohun tí ó ń sọ ni pé àwọn méjèèjì lè jọ wà nínú ilé kan, kí ọ̀kan má sì lé èkejì jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yìí rí.

Kí ni ikọ́ ẹ̀gbẹ?

Ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ife, tí àwọn Hausa ń pè ní tarin fuka, tí a sì mọ̀ sí TB ní ilé ìwòsàn, jẹ́ àrùn tí kòkòrò àìfojúrí kan ń fà. Dókítà ará Jámánì kan, Robert Koch, ni ó kéde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 pé òun ti rí kòkòrò náà. Ìdí nìyí tí a fi ya ọjọ́ 24 oṣù Kẹta sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìrántí àrùn yìí káàkiri àgbáyé. Ẹ̀dọ̀ fóró ni ó máa ń bá jà jù lọ. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà ràn, nígbà tí ẹni tí ó ní in nínú ẹ̀dọ̀ fóró, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, bá wúkọ́, bá sín tàbí bá sọ̀rọ̀. Kì í ràn nípa jíjẹun nínú àwo kan náà tàbí bíbọ ara ẹni lọ́wọ́, kò sì ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú èpè tàbí àjẹ́.

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 30 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ibi tí ẹrù àrùn yìí ti wúwo jù lọ, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà tí iye àwọn tí ó ń mú lọ́dọọdún pọ̀ tó ti Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí ó ń tọ́jú rẹ̀.

Kí ni ìdí tí ìtọ́jú rẹ̀ fi gùn tó bẹ́ẹ̀?

Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í tètè kú tán. Púpọ̀ nínú wọn máa ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ a máa sá pamọ́, wọn a sì máa sùn sínú ara. Ọdún 1943 ni a rí streptomycin, oògùn àkọ́kọ́ tí ó lágbára lórí àrùn yìí. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1948, ara ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn tí a fún ní oògùn kan ṣoṣo yìí kọ́kọ́ yá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí kòkòrò inú ọ̀pọ̀ wọn fi di èyí tí oògùn náà kò ràn mọ́. Ẹ̀kọ́ tí ìṣègùn rí kọ́ ni pé oògùn tí ó ju ẹyọ kan lọ ni a gbọ́dọ̀ lò papọ̀, fún àkókò tí ó pé.

Lónìí, ìlànà tí ó wọ́pọ̀ fún àgbàlagbà tí oògùn ṣì ń ran kòkòrò ara rẹ̀ ni kí ó lo oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì: rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol. Lẹ́yìn náà ni yóò lo méjì, èyíinì ni rifampicin àti isoniazid, fún oṣù mẹ́rin. A ti pa àwọn oògùn wọ̀nyí pọ̀ sínú hóró kan. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín kílò 40 sí 54 ń lo hóró mẹ́ta lóòjọ́. Ẹni tí ó wà láàárín kílò 55 sí 70 ń lo mẹ́rin. Bí a bá ka oṣù kọ̀ọ̀kan sí ọjọ́ 28, ọjọ́ 168 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ń lo hóró mẹ́rin yóò ti gbé hóró 672 mì kí ó tó parí. Ẹ rántí iye yìí nígbà tí ó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ bínú sí aláìsàn tí ó fajú ro.

Ní àtijọ́, a máa ń kó àwọn aláìsàn yìí lọ sí ilé ìtọ́jú tí ó jìnnà sí ìlú. Ìwádìí kan tí a ṣe ní ìlú Madras ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, tí a sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1959, fi hàn pé ẹni tí ó ń lo oògùn nílé ara rẹ̀ lè rí ìwòsàn bí ẹni tí a dá dúró sí ilé ìtọ́jú. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ẹ̀yin olùtọ́jú nílé ti di ọ̀wọ̀n kan pàtàkì nínú ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ìnira wo ni oògùn náà máa ń mú wá?

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò rí gbogbo ìnira wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ wọ́n kí wọ́n má baà dẹ́rù bà yín.

1. Inú rírìn àti àìlè jẹun. Ó dára jù kí a lo oògùn náà nígbà tí inú ṣófo. Bí inú bá ń rin aláìsàn jù, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera bóyá kí ó fi oúnjẹ díẹ̀ lò ó, tàbí kí ó máa lò ó ní alẹ́ kí ó tó sùn.

2. Oríkèé ríro. Pyrazinamide ni ó sábà máa ń fà á. Ó máa ń lọ nígbà tí a bá dá oògùn náà dúró lẹ́yìn oṣù méjì àkọ́kọ́. Ilé ìwòsàn lè fún un ní oògùn ara ríro.

3. Ẹsẹ̀ tí ó ń ta bí ẹni pé a ń fi abẹ́rẹ́ gún un, tàbí tí ó ń jó bí iná. Isoniazid lè fà á. Fítámì B6 ni a máa ń fi dènà rẹ̀, òun náà ni a sì fi ń tọ́jú rẹ̀.

4. Ìtọ̀, òógùn, itọ́ àti omijé tí ó pupa bí ọsàn. Rifampicin ni ó ń fà á. Kò léwu rárá, bí ó tilẹ̀ lè ta aṣọ funfun lábàwọ́n.

5. Ìdíwọ́ fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Rifampicin a máa dín agbára oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró àti ti abẹ́ awọ ara kù. Kí obìnrin tí ó ń lò ó sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera kí a lè fún un ní ọ̀nà mìíràn.

Ìtọ̀ pupa kì í ṣe ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yìí, nítorí pé ó ti mú kí àwọn kan pa oògùn tì. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá lo oògùn àkọ́kọ́, ìtọ̀ rẹ̀ yóò yí padà. Bí a kò bá ti sọ fún un ṣáájú, yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ ni òun ń tọ̀. Àwọn ará ilé yóò sì sọ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, wọn yóò se àgbo fún un, wọn yóò sì ní kí ó fi oògùn ilé ìwòsàn sílẹ̀ ná.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn rèé. Rifampicin ń pọ́n ìtọ̀, ṣùgbọ́n kì í pọ́n ẹyin ojú. Bí ìtọ̀ bá pupa bí ọsàn, tí ẹyin ojú sì funfun, tí aláìsàn ń jẹun, tí kò bì, oògùn ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ìtọ̀ bá dúdú bí omi tíì tí a pọn jù, tí ẹyin ojú sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí inú ń rìn ín tàbí tí ó ń bì, ẹ̀dọ̀ ni ó ń ké, ó sì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ojú ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ìtọ̀ nìkan. Ẹ máa wò ó ní ojúmọmọ, nítorí pé iná àtùpà máa ń tan ènìyàn jẹ.

Níbi yìí gan-an ni ẹ̀fẹ̀ ti wúlò. Aláìsàn tí a ti kìlọ̀ fún lè jáde láti ilé ìtọ̀ kí ó ní, “Fanta ti dé o, ta ni yóò rà?” Ohun tí ìbá ti di ìpayà ti di àwàdà ilé. Ìtọ̀ pupa náà sì jẹ́ ẹ̀rí pé oògùn ti wọlé. Nígbà kan rí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tilẹ̀ máa ń wo àwọ̀ ìtọ̀ láti mọ̀ bóyá aláìsàn lo oògùn rẹ̀.

Kí ni ẹ̀fẹ̀ lè ṣe, kí sì ni kò lè ṣe?

Ẹ̀fẹ̀ kò lè pa kòkòrò kankan. Kò lè dípò oògùn, oúnjẹ tàbí ìsinmi. Kò sì yẹ kí a fi í tan aláìsàn jẹ pé ohun tí ó ń ṣe é kò tó nǹkan.

Ohun tí ó lè ṣe ni èyí. Èkínní, ó ń dín ìtìjú kù. Ẹni tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ sábà máa ń rò pé gbogbo ènìyàn ń sá fún òun. Nígbà tí ẹnì kan bá jókòó tì í tí wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ pé ènìyàn ṣì ni òun lójú ẹni náà. Èkejì, ó ń mú kí ó rọrùn láti padà wá lọ́la. Ìtọ́jú ọjọ́ 168 kò nílò akíkanjú ọjọ́ kan. Ìpadàwá ni ó nílò. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, ẹ̀fẹ̀ ń ṣí ẹnu aláìsàn. Ẹni tí ó lè bá yín rẹ́rìn-ín nípa ìtọ̀ pupa yóò lè sọ fún yín pé òun bì ní àná, tàbí pé òun ju oògùn méjì sẹ́yìn ilé. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù ìbáwí yín kò ní sọ ọ́. Ohun tí a kò bá sọ kò ṣeé tún ṣe.

Ta ni ó ni ẹ̀fẹ̀ náà?

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ẹ̀fẹ̀ àti yẹ̀yẹ́. Ìlànà tí ó rọrùn láti rántí ni pé aláìsàn ni ó ni àìsàn, òun náà ni ó ni ẹ̀fẹ̀ orí rẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fi ara rẹ̀ tí ó rù ṣe àwàdà, ẹ lè bá a rẹ́rìn-ín. Kí ẹlòmíràn má ṣe kọ́kọ́ mẹ́nu kàn án. Kí a má ṣe fi ikọ́, ìrù ara, òórùn ẹnu, àìlóbìnrin, àìlọ́kọ tàbí àìlówó rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ láéláé. Kí a má sì ṣe é níwájú àlejò tí kò mọ̀ nípa àìsàn náà.

Àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ òfin ẹ̀fẹ̀ dáadáa. Ní àríwá Nàìjíríà, àwọn Kànúrì àti àwọn Fúlàní ní àṣà kí wọ́n máa fi ara wọn ṣe àwàdà, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bínú. Àwọn Hausa a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní abokin wasa, èyíinì ni ọ̀rẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Niger, àṣà yìí gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ UNESCO fi kọ ọ́ sínú àkójọ àwọn àṣà ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó yẹ kí a dáàbò bò ní ọdún 2014. Ohun tí ó mú kí àṣà náà dúró ni pé ọ̀nà méjì ni ó ń lọ: ẹni tí a bá fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Ẹ mú òfin yìí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bí nọ́ọ̀sì bá lè fi aláìsàn ṣe àwàdà ṣùgbọ́n tí aláìsàn kò lè fi nọ́ọ̀sì ṣe é, yẹ̀yẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹ wo ipò ènìyàn pẹ̀lú. Ọmọ tí ó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ kò ní àyè tí ọmọ-ọmọ ní. Ọmọ-ọmọ lè sọ pé, “Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ẹ lè gbé e mì kí n tó ka ẹẹ́ta,” kí bàbá àgbà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bíbí inú rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀, ó lè dà bí àrífín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ̀fẹ̀ tọ́ sí lẹ́nu ṣe é.

Kí òtítọ́ ṣáájú, kí ẹ̀rín tẹ̀ lé e

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ ní tààrà: iye oṣù, iye hóró, àwọ̀ ìtọ̀, inú rírìn, àti àmì tí ó gbọ́dọ̀ gbé e wá sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ jẹ́ kí ó béèrè ohun tí ó bá fẹ́. Bí ó bá fẹ́ sunkún, ẹ jẹ́ kí ó sunkún. Lẹ́yìn náà ni ọ̀yàyà lè wọlé.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ ṣọ́ gbólóhùn wọ̀nyí:

- Dípò “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ gbé e mì,” ẹ sọ pé, “Mo mọ̀ pé kò dùn. Èwo ni ó ń ni yín lára jù nínú rẹ̀?”

- Dípò “Ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ kú,” ẹ sọ pé, “A kò rí yín ní àná, ọkàn wa kò sì balẹ̀. Kí ni ó dí yín lọ́wọ́?”

- Dípò “Ẹ má bẹ̀rù” nìkan, ẹ sọ ohun tí ó yẹ kí ó retí àti ohun tí yóò ṣe bí ó bá rí i.

Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò. Aláìsàn tí a fi ọ̀wọ̀ kí, tí a pe Bàbá, Màmá, Alhaji tàbí Ẹ̀gbọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, yóò gba ìmọ̀ràn ju ẹni tí a jágbe mọ́ níwájú èrò lọ.

Oṣù kẹta: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń yà kúrò lọ́nà

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ikọ́ máa ń dáwọ́ dúró láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́. Ara a bẹ̀rẹ̀ sí í sanra padà, agbára a sì dé. Níbẹ̀ ni aláìsàn yóò ti máa rò pé òun ti gbádùn, kí ni òun ṣe tún ń mu nǹkan kíkorò? Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tí ó sùn ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá dá oògùn dúró, wọ́n lè jí, wọ́n sì lè di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni a fi ń parí ìtọ́jú yìí.

Àwọn ohun kékeré wọ̀nyí lè mú kí ọ̀nà náà má gùn jù:

- Ẹ lẹ kàlẹ́ńdà kan mọ́ ògiri. Kí aláìsàn fúnra rẹ̀ máa fagi lé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, bíi ìlú tí ọkọ̀ ń gbà kọjá láti Èkó dé Kánò. Bí ó bá dé Jẹ́bà, ó mọ̀ pé òun ti kọjá odò.

- Ẹ so oògùn mọ́ ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́, bíi àdúrà òwúrọ̀ tàbí ìròyìn orí rédíò.

- Ẹ máa wọn ara rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ sì bá a yọ̀ sí kílò tí ó bá fi kún un. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú, nítorí pé iye hóró rẹ̀ lè yí padà.

- Ẹ má ṣe gbàgbé ọjọ́ àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìparí oṣù kejì, ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni a sábà máa ń ṣe é.

- Bí ó bá gbàgbé oògùn, kí ó má ṣe lo ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kejì. Kí ó máa bá a lọ bí ó ti yẹ, kí ó sì sọ fún ilé ìwòsàn.

Àwàdà kan tún wà tí ó ní iṣẹ́ nínú. Ethambutol lè ba ojú jẹ́, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ nípa pé aláìsàn kò ní mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé dáadáa mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ lè gbé tàtàṣé pupa àti ewé tẹ̀tẹ̀ síwájú rẹ̀, kí ó fọwọ́ bo ojú kan, kí ó sọ èwo ni èwo, kí ó sì tún ṣe é pẹ̀lú ojú kejì. Ẹ lè fi ṣe eré ìdíje láàárín ilé. Bí ó bá ṣì wọ́n pè, tàbí tí ó sọ pé ìríran òun ti ṣú, eré ti parí. Ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Bí aláìsàn bá jẹ́ ọmọdé

Láti ìparí ọdún 2015 ni oògùn tí a ṣe fún ọmọdé, tí ó ń yòrò nínú omi tí ó sì ní adùn èso, ti wà. Kí a tó ní in, ńṣe ni a máa ń gé tàbí kí a lọ oògùn àgbàlagbà, kíkorò rẹ̀ a sì máa mú ọmọ bì. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé oṣù mẹ́rin lè tó fún ọmọ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ rẹ̀ kò le. Dókítà ni yóò sọ bóyá ọmọ yín wà lára wọn.

Ẹ má ṣe pe oògùn ní súìtì, nítorí pé ọmọ lè lọ kó gbogbo rẹ̀ jẹ lẹ́yìn yín. Ẹ má ṣe sọ pé abẹ́rẹ́ kò ní dùn ún. Bí ó bá ti dùn ún lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́. Ẹ má sì ṣe fi nọ́ọ̀sì dẹ́rù ba ọmọ tí ó ń ṣe ìjàngbọ̀n nílé. Ẹ gbé e sí itan, kí ó jókòó ṣánṣán, kí ẹ sọ ní kúkúrú pé, “Ó yá, àsìkò oògùn ti tó.” Àlọ́ àpamọ̀ kan, orin tí ó mọ̀, tàbí ọmọláńgidi tí yóò “lo oògùn” ṣáájú rẹ̀ lè gbé ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yan ife tí ó fẹ́ fi mu ún. Kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ oògùn, ṣùgbọ́n ó lè ní ẹ̀tọ́ láti yan ife.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí oògùn àkọ́kọ́ kò ràn

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá ní irú èyí máa ń gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ sì lè tó ogún oṣù. Àwọn abẹ́rẹ́ bíi kanamycin àti capreomycin a máa di etí àwọn kan pa. Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń rántí rẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì ń lé ènìyàn sá fún àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Láti ọdún 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi oògùn ẹnu síwájú abẹ́rẹ́. Ní ọdún 2022, ó fọwọ́ sí ìtọ́jú oṣù mẹ́fà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ oògùn ẹnu, fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 14. Ìnira wà nínú tirẹ̀ náà, ó sì nílò ìṣọ́ra dókítà, ṣùgbọ́n ìròyìn yìí fúnra rẹ̀ ń mú ọkàn fúyẹ́ ju àwàdà èyíkéyìí lọ.

Ìgbà wo ni ẹ̀rín gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró?

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ má ṣe fi ẹ̀fẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn tí ó kàn kí òṣìṣẹ́ ìlera tó wò ó, kí ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà:

- ẹyin ojú tí ó pọ́n, tàbí ìtọ̀ tí ó dúdú bí omi tíì;
- èébì tí kò dáwọ́ dúró, tàbí inú rírun gidigidi;
- ìríran tí ó ṣú, tàbí àìmọ àwọ̀ yàtọ̀;
- ara tí ó sú kíkan pẹ̀lú ibà, tàbí ojú àti ètè tí ó wú;
- ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, tàbí gìrì.

Bí ó bá ń pọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ ní kíá. Ẹ sọ fún wọn gbogbo oògùn mìíràn tí ó ń lò, títí kan àgbo àti ọtí, nítorí pé ẹ̀dọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Ẹ ṣọ́ aláìsàn tí ó ń ṣe àwàdà ní gbogbo ìgbà pẹ̀lú. Ẹlòmíràn a máa fi ẹ̀rín bo ìrẹ̀wẹ̀sì. Bí kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tàbí tí ó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ jókòó tì í, ẹ béèrè, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin olùtọ́jú náà ńkọ́?

Àárẹ̀ máa ń mú olùtọ́jú. Ẹ pín iṣẹ́ náà láàárín ẹbí, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, kí gbogbo ará ilé sì lọ ṣe àyẹ̀wò. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tí aláìsàn bá ti ń lo oògùn tí ó ran kòkòrò rẹ̀, agbára àrùn náà láti ràn yóò ti dín kù púpọ̀. Kò sí ìdí fún yíya abọ́ àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá jẹ́ aláwàdà kí ẹ tó lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹni tí kò mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe lè jókòó, kí ó sì máa gbọ́.

Ní àkótán

Ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ korò, ó sì gùn, ṣùgbọ́n ó ń wo àrùn náà sàn. Ẹ sọ òtítọ́ ṣáájú, ẹ jẹ́ kí aláìsàn ni ẹ̀fẹ̀ orí rẹ̀, ẹ máa wo ẹyin ojú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rọrùn fún un láti sọ ohun tí ó ń ṣe é fún yín. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín jù fún àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni.